ILÉ NI ÀBỌ̀ SINMI OKO: ÌTÀN IBÙWỌ̀ ÀWA ARÁ OKO NÍ ÌGBORO ÌBÀDÀN

Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àríyànjiyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ti òkè òkun dé dábàá pé kí ẹgbẹ́ gba ilé kan sí ìgboro Ìbàdàn, níbi tí ọmọ ìlú lè sùn sí fún òru kan tàbí méjì nígbà tí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ ṣe nígboro: aláìsàn tí ó gbọ́dọ̀ rí dókítà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ìjọba pè pé kí ó wá fi ara rẹ̀ hàn. Ọmọ náà kò tíì jókòó tí àgbà kan fi dìde, tí ó bèèrè pé, "Ilé wo ni ẹ fẹ́ gbà? Ṣé a kò nílé ní Ìbàdàn ni?" Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ìpàdé tú láìfẹnu ọ̀rọ̀ jóná, wọ́n sì ní kí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ lọ kọ ohun tí a bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ọdún yìí, kí gbogbo ọmọ ìlú lè kà á kí ìpàdé mìíràn tó dé. Ohun tí a rí kọ nìyí.

Ìbéèrè àgbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Láti mọ ìdí rẹ̀, a ní láti padà sí nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá wá fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu. Ibùdó ogun ni wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, ibùdó náà kò sì tú mọ́. Jagunjagun kọ̀ọ̀kan kọ́ agbo ilé tirẹ̀, ó kó ẹbí, ìwọ̀fà, ẹrú àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ sí ìta odi ìlú níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́ oko. Èyí tí ó wà nítòsí odi ni a ń pè ní oko etílé, èyí tí ó jìnnà wọ inú igbó ni oko ẹgàn. Inú oko ẹgàn yìí ni púpọ̀ nínú àwọn abúlé wa ti jáde wá. Ẹnì kan pàgọ́ síbẹ̀ nígbà iṣẹ́, àgọ́ di ahéré, ahéré di abúlé, abúlé di ibi tí a ń bímọ sí. Ṣùgbọ́n ahéré kò di ilé. Bí ẹ bá bi ọmọ Akànrán tàbí ọmọ Lálúpọn àtijọ́ léèrè pé níbo ni ilé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, tí wọ́n sì bí bàbá bàbá rẹ̀ sí, orúkọ agbo ilé kan ní Ọjẹ́, ní Ayéyé, ní Ọjàaba tàbí ní Bẹẹrẹ ni yóò dá yín lóhùn. Nígbà tí ó bá ń lọ sí Ìbàdàn, kò ní sọ pé òun ń lọ sí ìrìn àjò. "Mò ń lọ sílé" ni yóò wí.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ ìtàn, kì í ṣe gbogbo ìlú agbègbè wa ni ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rúnmu ti wà kí Ìbàdàn tó wà, ogun Òwu ni ó sì kó bá a. Ìjàyè, tí ó wà ní ilẹ̀ Akínyẹlé lónìí, jẹ́ ìlú alágbára lábẹ́ Kúrunmí, títí Ìbàdàn fi fọ́ ọ ní ọdún 1862 tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká. Irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ní ilé tiwọn lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa, ọmọ oko tí a fi okùn so mọ́ agbo ilé kan nígboro ni wá, okùn yẹn ni a sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọ̀ sílé ní àtijọ́? Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ó ń gbé èlùbọ́ bọ̀ láti ìhà Lálúpọn, ọ̀nà máìlì méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìgbà tí kò sí mọ́tò. Yóò gbéra kí àkùkọ tó kọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí obìnrin kì í dá rìn ní ọ̀nà oko. Bí ó bá dé ìgboro, kì í lọ tààrà sí ọjà. Agbo ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Yóò sọ ẹrù kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, yóò kúnlẹ̀ kí baálé, yóò wọ inú lọ kúnlẹ̀ kí ìyáálé, yóò sì tú ìdì kékeré kan tí ó ti yà sọ́tọ̀ láti oko: iṣu méjì, ìgbín, epo inú kèrègbè, nígbà mìíràn ìtì igi ìdáná kan ṣoṣo. Kì í ṣe owó ilé. Kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá mú un wá ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìyáálé yóò bèèrè pé báwo ni òjò ṣe rí lóko, gbogbo ilé yóò sì mọ ohun tí ìyáálé ń wí. Wọn yóò fún un ní omi mu, wọn yóò tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ọ̀wọ́ àwọn ìyàwó ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì yóò gbálẹ̀ àgbàlá kí ó tó gbé igbá lọ sí Ọjàaba, nítorí kì í ṣe àlejò. Àlejò nìkan ni kì í gbálẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti lè rò lọ. Bí wọ́n ti ń kọ́ agbo ilé àtijọ́, yàrá máa ń yí àgbàlá ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan a sì máa wà níwájú gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé. Yàrá ni ó ní ẹni tí ó ni ín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí a lè sọ fún ọmọ oko pé ilé ti kún. Ní ọjọ́ ọdún, bí Iléyá tàbí ọdún Òkèbàdàn, àwọn abúlé a ṣófo pátápátá, ènìyàn a sì tò lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí iṣu inú àká. Lágelú, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni wọ́n ń rántí ní ọdún Òkèbàdàn, nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá sórí òkè tí wọ́n ń jẹ èso òrò àti ìgbín. Ní ọjọ́ náà a kì í dáná nígboro, ọmọ oko tí ó bá gbé ẹ̀kọ wá sí ilé ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ a sì di ẹni ọ̀wọ́n.

Kì í ṣe àwa nìkan ni Ìbàdàn ń gbà sílé. Nígbà tí agbára Ìbàdàn tàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìjòyè kan nígboro tí ó jẹ́ bí bàbá fún un. Ilé ìjòyè yìí ni àwọn ìránṣẹ́ ìlú náà máa ń wọ̀ sí bí wọ́n bá mú ìṣákọ́lẹ̀ tàbí ẹjọ́ wá, òun ni yóò sì mú wọn dé iwájú àwọn àgbà. Bí ilé rẹ̀ ti gbà wọ́n ni ẹnu rẹ̀ ń gbà wọ́n, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé oúnjẹ ìjòyè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, ni ó gba púpọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí lọ́wọ́ Ìbàdàn. Òyìnbó pàápàá wọ̀ sí ilé onílé kí ó tó ní tirẹ̀. David Hinderer, oníwàásù ìjọ C.M.S., kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní ọdún 1851. Nígbà tí òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ padà wá ní ọdún 1853, inú ilé alámọ̀ kóńkó kan ni wọ́n gbé títí wọ́n fi kọ́lé sí Kúdẹtì.

Ibì kan wà nígboro tí àṣà ibùwọ̀ ti di iṣẹ́ ajé gidi, ibẹ̀ ni Sábó. Ní ọdún 1916 ni a ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá. Oníṣòwò màlúù tí ó ti Òkè Ọya dé a máa wọ̀ sí ilé ẹni tí wọ́n ń pè ní mai gida. Kò san owó ibùsùn, kò san owó oúnjẹ. Mai gida yìí ni yóò bá a ta ẹran rẹ̀, òun ni yóò dúró fún un lọ́dọ̀ àwọn alápatà tí wọ́n rà á ní àwìn, nínú ọjà tí a tà ni yóò sì ti mú làádà tirẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ó wá ra obì. Ọ̀mọ̀wé Abner Cohen tí ó gbé àárín wọn kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1969. A mú un wá síhìn-ín nítorí pé àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ibùsùn ọ̀fẹ́ ni a ní ní àtijọ́. Kò sí ibùsùn ọ̀fẹ́ rí. Ẹnì kan ń san án pẹ̀lú làádà, ẹlòmíràn ń san án pẹ̀lú iṣu méjì àti ìgbálẹ̀ òwúrọ̀.

Nígbà tí ó di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní ọdún 1907 ó ti dé Òṣogbo, ó sì gba Lálúpọn kọjá. Ẹni tí ó ń rin máìlì méjìlá tẹ́lẹ̀ lè jókòó sínú ọkọ̀ báyìí. Ní sáà yìí kan náà ni kòkó ń gbilẹ̀ ní agbègbè wa, pàápàá ní ìhà Akànrán, Bádékù àti Ajíà. Owó kòkó wá ṣe ohun kan tí ó ṣàjèjì: ẹni tí ó fi gbogbo ọdún wà lóko, tí ó ń sùn nínú ilé alámọ̀, lọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìgboro. Àwọn àlejò a máa bèèrè pé kí ni àgbẹ̀ ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò gbé ṣe. Àwa mọ̀. Ibẹ̀ ni yóò kú sí, ibẹ̀ ni a óò sin ín sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ yóò gbé lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, àti nígbà tí àwọn ilé-ìwé gíga mìíràn tẹ̀ lé e, ọmọ oko tí kò ní ẹni tí ó lè gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígboro kò lè lọ. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn ọmọ agbègbè wa tí ó kọ́kọ́ di olùkọ́, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò, ẹ óò rí i pé lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ìyá arúgbó kan wà ní agbo ilé kan, tí ó ń jí i ní òwúrọ̀, tí ó sì ń fún un ní ẹ̀kọ mímu.

Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí kan náà ni ó mú owó ilé wọlé. Àgbẹ̀ tí ó kọ́ yàrá mẹ́jọ kò lè gbé inú gbogbo wọn. Ìgboro sì ń kún. Àwọn Ìjẹ̀bú ti gba ilẹ̀ sí Òkè Àdó, àwọn òyìnbó àti àwọn ará Lẹ́bánónì ń ṣòwò ní Gbági, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé láti ìgbà tí a ti fi Ìbàdàn ṣe olú ìlú Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1939. Ìkànìyàn ọdún 1952 ka 459,196 ènìyàn sí ìlú Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, ilé ìwòsàn ńlá U.C.H. ṣí ní ọdún 1957. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ń wá yàrá, wọ́n sì ń fi owó wá a. Ọ̀rọ̀ "ayálégbé" wá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ọmọ oko tí ó wọlé ní alẹ́ rí i pé yàrá tí bàbá òun kọ́, akọ̀wé kan láti ìlú òkèèrè ni ó ń sùn nínú rẹ̀, ó sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ṣì wà. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Àbákọjá tóóró ni ó wà láàárín yàrá àti yàrá, a kì í sì í tẹ́ ẹní sójú àbákọjá.

Ní ti hòtẹ́ẹ̀lì, tiwa kọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba àmúnisìn kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ilé ìtura Premier ṣí lórí òkè Mọ́kọ́lá ní ọdún 1966, àwọn bàbá wa ń wò ó láti ìsàlẹ̀ bí a ti ń wo òṣùpá. Ohun tí ó wù wọ́n níbẹ̀ ni iná rẹ̀ lálẹ́.

A kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àtijọ́ tan ara wa jẹ. Agbo ilé kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú tàbí ìwọ̀fà a máa gbọ́ ọ lára bí ìjà bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n bí i sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú lóko kò mọ̀ bóyá ẹní òun ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn alágbàro àti àwọn tí ó wá láti ìlú mìíràn ra oko ní agbègbè wa, tí wọ́n ti gbé àárín wa pẹ́, kò ní agbo ilé kankan tí wọn yóò yà sí. Àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́ ju àwọn ọmọ onílẹ̀ mìíràn lọ. Nígbà tí àgbà wa bèèrè pé ṣé a kò nílé ní Ìbàdàn, a ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí wọ́n wolẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ jáde nítorí owó orí tí ó pọ̀ àti owó kòkó tí kò tó nǹkan, Màpó ni wọ́n dorí kọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 yẹn ni a ti ń ṣe àkóso wọn, àwọn tí ó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn lóko, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè ará Akànrán jẹ́ aṣáájú wọn, já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa rògbòdìyàn yìí a máa pè é ní ìjà oko pẹ̀lú ìgboro. Lójú tiwa, ìjà inú ilé ni. Ọmọ oko mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ó yọ sí Màpó nítorí pé ẹ̀yìn Màpó ni agbo ilé rẹ̀ wà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni ó sì wà lára àwọn tí ń gba owó orí.

Ta ni ó wá já okùn náà? Kò sí ẹnì kan pàtó. Mọ́tò wà lára wọn: nígbà tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, kò nídìí láti sùn, ẹni tí kì í sùn sílé kì í mọ ẹni tí wọ́n bí sílé. Ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn tí ó ṣí ní ọdún 1978 sọ Ìwó Róòdù àti Ọ̀jọ́ọ̀ di ẹnu ọ̀nà ìlú, ó sì pa Dùgbẹ̀ tì. Àgbàrá Ògùnpa ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980 gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọdún 1987 ọjà oúnjẹ kúrò ní Oríta Mẹ́rin lọ sí Bódìjà, èlùbọ́ wa sì tẹ̀ lé e. Ìjọba fún wa ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa: Akínyẹlé àti Lágelú ní ọdún 1976, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní ọdún 1989. Inú wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìwé tí a ń lọ gbà ní Màpó, Mọ́níyà ni a ti ń gbà á, tàbí Ìyànà Ọ̀fà, tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí Akànrán. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 1989 lè dàgbà láìmọ orúkọ mọ́gàjí rẹ̀. A ń kọ́ irú wọn ní kíláàsì. A bèèrè lọ́wọ́ wọn ní sáà tí ó kọjá pé agbo ilé wo ni bàbá wọn ti wá. Nínú ọmọ ogójì, méje ni ó dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì pe orúkọ ìdíkọ̀.

Àwa pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ ní ìgbà èwe wa. Ní ọdún 1989 ni a lọ sí ìgboro fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí wọ́n tó gbà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bàbá wa ní kí a lọ sùn sí agbo ilé wa ní Ọjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. A kọ̀, a ní a óò sùn sí ilé àlejò kan tí ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa. Nígbà tí a dé ibẹ̀, owó tí wọ́n pè kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ wa wí. Wọ́n gba owó wa, wọ́n sì fi wá sí yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jí bàtà wa. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ni a fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé Ọjẹ́. Ìyá arúgbó kan jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó ń yan àkàrà. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" A dárúkọ bàbá wa. Ó fi ìwọ̀n àkàrà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá ní oríkì, oríkì tí a kò gbọ́ rí, ó sì ké sí ọmọkùnrin kan nínú ilé pé kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàtà náà fún wa lẹ́sẹ̀. Òun ni a wọ̀ dé iwájú àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò.

Lónìí, ẹni tí ó bá ní owó kò ní ìṣòro, hòtẹ́ẹ̀lì kún Bódìjà àti Ìwó Róòdù. Àwọn aláìní ni a ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. A ti rí ọmọ ìlú wa tí ó sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn ńlá kan fún òru mẹ́fà nítorí ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan ń sùn sí ìdíkọ̀, àwọn kan sí ilé ìjọsìn. Ìlú sì ń yí padà: láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń já àwọn ará Èkó sí Mọ́níyà, ní ilẹ̀ Akínyẹlé. Ẹni tí ó bá fi alẹ́ sọ̀ níbẹ̀, oko ni ó sọ̀ sí, ó sì kù ú ní ọ̀nà kí ó tó dé ìgboro. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ti Èkó bọ̀ mọ ohun tí a ń wí.

Àwọn kan ní ẹgbẹ́ kò lè ṣe irú nǹkan yìí. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá W.A.S.U., ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Àwọn onílé Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Láti ọdún 1929 títí dé ọdún 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi ń káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1933 ni ilé náà ṣí ní òjúlé kejìlélọ́gọ́ta, Camden Road. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó ń bójú tó oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí kò mọ ẹnì kankan ní ìlú òyìnbó sì rí ibi sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Àwọn ará ilé ni ó dáwó kí ọmọ tí ó wà ní àjò lè ríbi sùn. Tiwa rọrùn ju èyí lọ, nítorí pé àwọn ọmọ tí ó wà ní àjò ni ó fẹ́ dáwó fún ará ilé.

Èrò tiwa ni a ó wí wàyí, kí ẹni tí kò bá gbà á sì wí tirẹ̀ ní ìpàdé. A kò fara mọ́ ọn pé kí a ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn odi nítorí pé ó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Ilé tí a ní láti wọ mọ́tò méjì kí a tó dé ilé ìwòsàn kò sàn ju oko wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà wa pé kí olúkúlùkù yà sí agbo ilé rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò ní, àwọn mìíràn sì ní tí ó ti wó. A ti lọ bá mọ́gàjí agbo ilé kan ní Ọjẹ́ sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, U.C.H. àti Agodi kò sì jìnnà. Yàrá méjì wà ní ìhà kan agbo ilé náà tí àwọn tí ó ni ín ti kú láìbímọ. Mọ́gàjí ní kí ẹgbẹ́ tún un ṣe kí ó sì lò ó, bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò ra ilẹ̀, a kò sì ní gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ agbo ilé náà lè sùn níbẹ̀, àti alágbàro, àti ẹni tí ó ra oko. Ohun kan ṣoṣo tí ó béèrè ni pé kí ẹni tí ó bá sùn wá kí òun kí ó tó jáde lówùúrọ̀.

Páànù yàrá kejì ti jẹrà, omi ń wọlé láti ìhà àgbàlá, ilẹ̀kùn ti àkọ́kọ́ sì ti jábọ́. Káfíńtà ti wọn gbogbo rẹ̀, ìwé ìṣirò rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ ìyáálé, tí ó ti gbálẹ̀ ibẹ̀ kí a tó sọ fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kí ìpàdé tó dé, kí ó bá wa ní ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjà Ọjẹ́ tí ń bọ̀. Mọ́tò aláṣọ yóò gbé wa lọ ní kùtùkùtù.